Ìjọ Ìjímìjí ní Òkè-Oòye: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ "Wòlíì" àti "Oògùn"

Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ Ìjọ ìjímìjí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan ni ó ń pa. Ẹjọ́ ni ó ń rò. Láti oṣù Keje ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá mi agogo rẹ̀ ní Òkè-Oòye ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ náà "àpọ́sítélì" ti kúrò ní ohun tí àwọn ọmọdé ń kọ́ sórí ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti di ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ìjọ. Ìjọ tí kò bá fi àdúrà wo aláìsàn sàn, tí kò ní aríran, tí kì í gba ààwẹ̀, wọn a ní kò tíì dé ibi tí àwọn àpọ́sítélì dé. Ìjọ tí ó lókìkí jùlọ nínú àwọn tí ìsọjí náà bí sì gbé orúkọ náà ka orí ilẹ̀kùn ilé ìsìn rẹ̀: Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ọ̀pá náà wò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ ìyanu. Ohun tí ojú rí ní Òkè-Oòye, àwọn tí ojú wọn rí i ni wọ́n ni ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí lámèyítọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ọ̀pá náà ti jáde wá, Bíbélì Yorùbá sì ni ìwé náà. Babalọlá tìkára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀mọ̀wé; ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni ó ń wà fún ilé-iṣẹ́ P.W.D. nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928. Èdè tí ó fi gbọ́ ìpè náà ni èdè tí ó fi ka Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Àwọn tí ó gbà á lálejò láàrin àwọn àgbà Faith Tabernacle mọ ìwé jù ú lọ, àgàgà Isaac Babalọlá Akínyẹlé ará Ìbàdàn, ẹni tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911 tí ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá inú Bíbélì ni wọ́n ń sọ. Ìwé tí J. D. Y. Peel kọ lórí àwọn Aládùúrà ní 1968 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń yà sí lórí ọ̀ràn yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ni Peel, ohun tí ó ń wá ni ìdí tí àwùjọ fi ń yí padà. Ó ṣẹ́ kù fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ èdè Yorùbá láti bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì náà fúnra wọn ṣe nínú ọ̀ràn yìí. Ohun tí wọ́n ṣe kò kéré, ó sì ti ná ẹlòmíràn ní ẹ̀mí.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, láti orí Ìwé sí Àwọn Ará Róòmù tí ó jáde ní 1850 títí dé odindi Bíbélì ní 1884, kì í ṣe inú èdè tí ó ṣófo ni wọ́n wọ̀. Àwọn ìmàle ti ń wàásù ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842. Lọ́wọ́ wọn ni Crowther ti yá ọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì tijú: àdúrà, ìwàásù, àlùfáà, wòlíì, àlàáfíà. Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi tí iná wọn ń jó jùlọ ní ilẹ̀ yìí, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, Aládùúrà, ti ọ̀dọ̀ àwọn ìmàle wọlé, èdè Lárúbáwá sì ni ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó díẹ̀ ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu ìmàle, lẹ́nu onígbàgbọ́ àti lẹ́nu olóòṣà, kò sì ní mọ ẹ̀sìn ẹni tí ó sọ ọ́ bí kò bá wo aṣọ tàbí kí ó bèèrè orúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ báyìí a máa mú nǹkan dání wá láti gbogbo ibi tí ó ti gbà kọjá.

Àlàáfíà ni kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní èdè Lárúbáwá, ìlera ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá gbà á, ó sì fi kún un: ara líle, ilé tí kò ní ìjà, ọ̀nà tí kò ní ewu, gbogbo rẹ̀ ni àlàáfíà. Ẹni tí wọ́n bá bi pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" ti mọ̀ pé ara òun àti ti àwọn ará ilé òun ni wọ́n ń bèèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn olùtumọ̀ wá fi dúró fún èyí tí èdè Gíríìkì ń lò fún ìfọkànbalẹ̀ àti ìparí ìjà. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí Olúwa bá ṣe ìlérí àlàáfíà nínú Bíbélì Yorùbá, etí Yorùbá gbọ́ ìlera mọ́ ọn.

Àwọn kan ti fi èyí gún àwọn Aládùúrà lára pé ẹ̀sìn ara ni wọ́n ń ṣe, pé ohun tí babaláwo ń ṣe fún ènìyàn ni wọ́n gbé wọ inú ìjọ. Ẹ̀sùn náà kò dúró. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Titun, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kí a gba ọkàn là àti kí a mú ara dá. Nínú ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú Máàkù orí 5, ọ̀rọ̀ náà ni Olúwa sọ fún un. Olùtumọ̀ Yorùbá ní láti yan ọ̀kan nínú ìtumọ̀ méjèèjì, ó sì yan ìmúláradá. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ kan náà ni àlàáfíà tẹ̀lé e, bí ẹni pé ìtumọ̀ tí wọ́n lé jáde ní ilẹ̀kùn gba ojú fèrèsé wọlé padà. Ìjọ ìgbà àtijọ́ kò ya ara sọ́tọ̀ kúrò lára ọkàn bí àwọn ìjọ òyìnbó ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti yà á. Nínú ọ̀ràn yìí, àwọn ará Òkè-Oòye ka ìwé náà ju àwọn olùkọ́ wọn lọ.

Kì í ṣe Òkè-Oòye ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni àjàkálẹ̀-àrùn influenza ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó, ó sì jà kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's kó ara wọn jọ láti gbàdúrà lábẹ́ J. B. Ṣádàrẹ́, wọ́n sì pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìṣonyìn, sọ pé wọ́n fi hàn òun pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn lò. Kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó rántí pé kò sí dókítà kan ní gbogbo ayé ní ọdún náà tí ó ní ohun tí ó lè pa àrùn náà. Àwọn tí wọ́n fi ilé ìṣègùn sílẹ̀ lọ sí ilé àdúrà kò fi ìwòsàn kankan sílẹ̀.

Ibi tí ìtàn Ìjọ ìjímìjí ti lè bá wọn wí yàtọ̀ sí ibi tí àwọn alárìíwísí ń nàka sí. Ní nǹkan bí ọdún 252, àjàkálẹ̀-àrùn kan jà ní Carthage, ní etí òkun àríwá Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Tunisia lónìí. Cyprian ni bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ohun tí ó pàṣẹ fún ìjọ rẹ̀ ju àdúrà lọ: ó ní kí wọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn, kì í ṣe ti ìjọ nìkan, àwọn kèfèrí tí wọ́n ṣe inúnibíni sí wọn pẹ̀lú. Ní Alexandria, Dionysius kọ ìwé nípa àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn mọ́ra, tí wọ́n wẹ òkú, tí àwọn náà sì kú tẹ̀lé wọn. Láti Òkúta Iyebíye títí dé Òkè-Oòye, ìwàásù ìwòsàn pọ̀, ìwàásù títọ́jú ẹni tí kò sàn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àdúrà bá gbà fún, orin ni wọ́n ń kọ. Ẹni tí kò gbà fún, wọn a máa wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri. Àlébù ńlá ni èyí nínú ẹ̀kọ́ tí ó dára.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ìwé náà sì parí nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà ní Róòmù. Ohun tí ìjọ ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tí ó tẹ̀lé e kò sí ní èdè tí wọ́n ń kà. Àní nínú Ìwé Ìṣe gan-an, wọn kò mú gbogbo rẹ̀. Orí kejì sọ pé àwọn onígbàgbọ́ kó ohun ìní wọn pọ̀. Òkè-Oòye kò dá ìyẹn sílẹ̀. Ó ku àwọn apẹja kan ní etí òkun Ìlàjẹ, tí wọ́n jáde láti inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, kí wọ́n tó tẹ ìlú Ayétòrò dó ní 1947, tí wọ́n sì jùmọ̀ ní ilé, ọkọ̀ àti owó fún bí ogún ọdún. Olúkúlùkù ni ó ń mú àpọ́sítélì tirẹ̀ nínú ìwé kan náà.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé orí wòlíì. Àwọn ìmàle Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tí Ọlọ́run rán ní iṣẹ́, ànábì ni. Wòlíì ní èdè Lárúbáwá jẹ́ nǹkan mìíràn: ọ̀rẹ́ Ọlọ́run ni, ẹni mímọ́ tí àdúrà rẹ̀ ń gbà, tí àwọn ènìyàn ń lọ bá nígbà ayé rẹ̀ tí wọ́n sì ń lọ sí ibojì rẹ̀ nígbà tí ó bá kú. Àwọn olùtumọ̀ mú wòlíì, wọ́n fi ànábì sílẹ̀. Bóyá wọ́n ń sá fún orúkọ tí ó ti lẹ̀ mọ́ Mùhámmádù. Ó dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí yíyàn náà bí ni pé nígbà tí Yorùbá bá ka Aísáyà tàbí Ámósì, kì í ṣe ẹni tí ó jíṣẹ́ tán tí ó sì lọ ni ó rí, bí kò ṣe ẹni tí agbára ń gbé inú rẹ̀, tí ènìyàn lè lọ bá pẹ̀lú ọ̀ràn tirẹ̀. Ámósì kò ní ilé tí wọ́n ti ń wá bá a fún ọmọ bíbí. Wòlíì Yorùbá ní in.

Nítorí náà ni ọ̀ràn ìdánwò wòlíì fi le púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jòsáyà Ọ̀ṣítẹ̀lù, tí ó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, bá àwọn àgbà Faith Tabernacle rìn fún ìgbà díẹ̀. Ní 1931 wọ́n pínyà. Àwọn àgbà náà kò fara mọ́ àwọn orúkọ mímọ́ tí ó ń pè tí kò sí ní èdè ènìyàn, wọn kò fara mọ́ bí ó ti ń nàka sí àjẹ́, wọn kò sì fara mọ́ ìkóbìnrinjọ. Ó yẹ kí wọ́n gba oríyìn pé wọ́n bèèrè. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi dán an wò? Bíbélì ni, àti àṣà ìjọ tí wọ́n mọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ìbéèrè náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọn kò sì mọ ìdáhùn àtijọ́.

Ìwé kékeré kan wà tí ń jẹ́ Didache, ọ̀kan nínú àwọn ìwé onígbàgbọ́ tí ó pẹ́ jùlọ lẹ́yìn Májẹ̀mú Titun. Ó ti sọnù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí Bryennios tó rí i ní Constantinople ní 1873. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1883, ní ọdún kan kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Àwọn ìjọ tí wọ́n kọ ọ́ fún ní wòlíì púpọ̀, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Síbẹ̀ ìlànà tí ìwé náà fi lélẹ̀ rọrùn bí ìlànà ọjà. Àpọ́sítélì tí ó bá kọjá ọjọ́ méjì nínú ilé onílé, wòlíì èké ni. Bí ó bá ń lọ, oúnjẹ ọ̀nà ni kí wọ́n fún un. Bí ó bá bèèrè owó, wòlíì èké ni. Ẹni tí ó bá sì sọ nínú ẹ̀mí pé kí wọ́n fún òun ní owó, kí wọ́n má ṣe gbọ́ tirẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ pé fún àwọn aláìní ni ó ń bèèrè. Ìwà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe bí ìran rẹ̀ ti ṣẹ.

Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn òpópónà Òṣogbo àti Iléṣà ti rí lónìí, pẹ̀lú àwòrán wòlíì lórí pátákó ní oríta gbogbo, kò nílò kí wọ́n sọ fún un ohun tí ìlànà yìí yóò ṣe bí wọ́n bá kà á láti orí àga ìwàásù. Àwọn kan wà tí wọn kì í ríran fún ènìyàn kí ó tó san owó. Ọmọ ìjọ tí ó bá rojọ́ nípa èyí, wọn a ní kí ó má ṣe fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ ìjímìjí fọwọ́ kàn án. Wọ́n ka ọjọ́ tí ó lò nínú ilé, wọ́n sì wo àpò rẹ̀. Bí "ìjọ àwọn àpọ́sítélì" bá jẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n, kí wọ́n gbé e ti wòlíì náà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jùlọ ni oògùn. Ní Ọjà Ọba Òṣogbo, bí ó ti rí ní ọjà ọba gbogbo, ènìyàn lè ra ewé àti egbò fún àgbo ibà lọ́wọ́ ẹlẹ́wẹ́ ọmọ, kí ó sì yà sí ọ̀dọ̀ lékuléja láti ra orí ẹyẹ àti awọ ẹranko fún ohun tí kò ṣeé sọ ní gbangba. Èkínní ń mú ara gbóná rọlẹ̀. Èkejì lè jẹ́ ti àwúre, ó lè jẹ́ ti ọ̀tá. Oògùn ni orúkọ méjèèjì. Hóró kínín tí òyìnbó gbé dé, oògùn ni. Ìgbàdí tí ó wà ní ìdí jagunjagun, oògùn ni. Èdè Yorùbá kò ya ohun tí ń wo ara sàn kúrò lára ohun tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ni èdè náà kò yà wọ́n: ewé kò ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè sí i.

Nígbà tí ìsọjí dé Òkè-Oòye, àwọn ènìyàn kó oògùn wọn jáde, wọ́n sì sun ún. Ohun tí wọ́n ń ṣe hàn kedere sí wọn: Ìṣe orí 19 ni, níbi tí àwọn ará Éfésù ti kó ìwé idán wọn jọ tí wọ́n sì jó o níná, ìwé tí iye rẹ̀ tó ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n owó fàdákà. Omi ni wọ́n fi rọ́pò ohun tí wọ́n sun. Wọ́n gbàdúrà sí omi odò, wọ́n pè é ní omi ìyè, wọ́n mu ún, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú wọn. Omi kò jẹ́ oògùn lójú wọn nítorí pé kò sí ewé nínú rẹ̀, kò sì sí ọfọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá láti Òṣogbo kò ní ṣàìrántí pé omi tútù ni àwọn olóòṣà Ọ̀ṣun ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìyá àwọn fi ń wo ọmọ. Àwọn Aládùúrà kì yóò fẹ́ gbọ́ èyí. Síbẹ̀ kò sọ omi wọn di ti Ọ̀ṣun. Ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn ènìyàn mọ ohun tí kì í ṣe oògùn kí oníwàásù tó dé.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí ibi tí wọ́n sun ìgbàdí, kò bá sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ni ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá ti sọ pé òun kọ oògùn ti kọ kínín pẹ̀lú ìgbàdí, ó sì ti kọ àgbo ọmọ pẹ̀lú àpèta. Àwọn òjíṣẹ́ láti Apostolic Church ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní 1931 fún àbẹ̀wò, George Perfect àti Idris Vaughan sì dé ní 1932 láti máa gbé. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kínín. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1939 sí 1941 ìjọ náà pín sí méjì. Babalọlá, Akínyẹlé àti D. O. Odùbánjọ wà ní apá tí ó di Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìjọba ní 1943. Lójú òyìnbó, kínín kò ju oúnjẹ lọ. Ẹni tí ibà kò bá ara rẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́ láti kékeré kò lè gbé ní ilẹ̀ yìí láìsí i ní ìgbà náà. Lójú àwọn àgbà Yorùbá, àwọn tí ó wá kọ́ wọn ní ìgbàgbọ́ ni ó ń gbé oògùn mì. Ìhà méjèèjì gbàgbọ́ pé lórí Ọlọ́run ni wọ́n ń jà. Lórí ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́ta kan ni wọ́n ń jà fún bí ìdajì rẹ̀: o, ò, gùn.

Ìjọ ìjímìjí ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Nínú èdè Gíríìkì pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìdí ohun tí wọ́n ń lò fún ìṣègùn àti èyí tí wọ́n ń lò fún idán àti májèlé. Òun sì ni Pọ́ọ̀lù kà mọ́ iṣẹ́ ti ara nínú Gálátíà orí 5. Àwọn kan rò nígbà náà bí Òkè-Oòye ti rò. Tatian ará Síríà, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Justin ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, kọ̀wé sí àwọn Gíríìkì pé ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé egbò àti ewé ti fi Ẹlẹ́dàá sílẹ̀ tọ ohun tí ó dá lọ. Àwọn agbẹjọ́rò Òkè-Oòye ìbá ti rí ẹlẹ́rìí tí ó dára jùlọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjọ kò bá Tatian lọ. Jákọ́bù ní kí wọ́n fi òróró kun aláìsàn, òróró sì ni ará Samáríà dà sí ọgbẹ́ pẹ̀lú wáìnì nínú Lúùkù orí 10: ohun tí ó wà nínú àpò oníṣègùn ìgbà náà ni àwọn àpọ́sítélì mú dání lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Tertullian ará Carthage, tí ó fẹ́ràn àsọtẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi darapọ̀ mọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Montanus àti àwọn wòlíì obìnrin rẹ̀, Priscilla àti Maximilla, ka ìwé Soranus oníṣègùn dáadáa, ó sì fi í gbe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nípa ọkàn ènìyàn lẹ́sẹ̀. Kò rí ìdí tí ẹni tí ń gbọ́ ohùn Ẹ̀mí kò fi gbọdọ̀ gbọ́ ti dókítà.

Bíbélì Yorùbá gan-an sì ní ẹlẹ́rìí kan nínú. Nínú Kólósè orí 4, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ fi pe iṣẹ́ Lúùkù ni oníṣègùn. Ẹni tí ń ṣe oògùn ni, kò sí ọ̀nà mìíràn tí etí Yorùbá lè gbà gbọ́ ọ. Àṣà ìjọ sì sọ pé Lúùkù yìí ni ó kọ Ìwé Ìṣe, tí ó sọ ìtàn iná Éfésù. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun sọ àpò tirẹ̀ sínú iná náà.

Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni wá fi ìtàn àtijọ́ na àwọn àgbà 1930 lẹ́gba. Oògùn tí wọ́n sun ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ti ba ilé púpọ̀ jẹ́. Ẹni tí kò gbé inú ẹ̀rù náà rí kò mọ ìtura tí wọ́n rí nígbà tí iná mú un. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe ni kí wọ́n la ọ̀rọ̀ náà sí méjì kí wọ́n tó jó o. Àwọn ọmọdé ni ó san gbèsè rẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti wà ní Iléṣà nígbà tí agogo Babalọlá dún, kò sì jìnnà sí Òkè-Oòye tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kò fi lè gbé ọmọ lọ sí ìhín àti sí ọ̀hún ní ọjọ́ kan náà. Láti ilé ìwòsàn yìí ni David Morley ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ lóṣooṣù tí wọ́n sì ń fi àmì sí káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi tí ń pa ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ìgbà náà kò dà bí influenza ti 1918: ọ̀nà wà tí wọ́n lè gbà dín wọn kù. Ìdáhùn tí ó tọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti di ohun mìíràn ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ni kò yí padà.

Lónìí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ náà ń lọ rí dókítà, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Kò dà bí ẹni pé àríyànjiyàn kankan ni ó mú èyí wá. Yorùbá ti wá ọ̀rọ̀ mìíràn, bóyá láìmọ̀: ilé tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ kì í jẹ́ ilé oògùn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilé ìwòsàn ni. Ìwòsàn kan náà ni àwọn Aládùúrà ń lò fún iṣẹ́ tí Ọlọ́run ń ṣe ní orí òkè àdúrà. Ìyá tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní Òkè-Oòye lọ sí Wesley Guild kò ní láti yí ọ̀rọ̀ padà ní ojú ọ̀nà.